Onílé Ni Kò Ní Í Gbà: Ọdún Kan Nínú Gọ́tà

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó pe ìpàdé yìí wá bá mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àyíká, mo ní ọ̀rọ̀ àyíká ti fẹ̀ jù fún mi. Gọ́tà kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wọ inú rẹ̀ ní Sátidé-Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí. Mo mọ òórùn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, mo mọ ohùn rẹ̀ lójò. Bí ẹ bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà, ó yá.

Gọ́tà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ti bá wọn pè é títí. Odò ni. Àwọn àgbà díẹ̀ tó kù lọ́dọ̀ wa sọ pé àwọn wẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́mọdé, pé àwọn fi agbọ̀n dẹ ẹja wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Ó ní orúkọ nígbà náà. Mẹ́ta nínú wọn dárúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún mi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà lé e lórí. Ohun tí ẹnu wọn kò lé lórí ni pé kò sí ẹni tó ń da ilẹ̀ sí i nígbà tó ṣì ní orúkọ. Ó ń ṣàn sínú Ògùnpa, Ògùnpa ń lọ bá odò Ọ̀nà, Ọ̀nà sì ń kọjú sí gúúsù, ó ń lọ sí ọ̀sà. Ọ̀rá tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kan lẹ́yìn ilé wa lè rìn jìnnà ju èmi tí mo ti gba owó ìfẹ̀yìntì lọ.

Ẹni tó bá ti tó ọgọ́ta ọdún nílùú Ìbàdàn, bí a bá ti dárúkọ Ògùnpa, ojú rẹ̀ á yí padà. Ọjọ́ Àìkú ni, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Òjò rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá, ó sì lé ní igba ẹ̀mí tó bá omi lọ. "Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù" ni a fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ lónìí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí ìyá rẹ̀ gan-an kò tíì wáyé lọ́dún náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà yẹn. Òkú kọ́ ni mo rántí jù, torí wọn kò jẹ́ kí àwa ọmọdé sún mọ́ etídò. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni mo rántí, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ onírin rẹ̀. Orí ẹ̀ka máńgòrò ló há sí. Ẹni méjì ni í gbé e tí wọ́n bá fẹ́ gbé e láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró lábẹ́ igi yẹn títí ìyá mi fi fi igbe pè mí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, tí ó ku ọjọ́ márùn-ún kó pé, ó tún dé: ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Lọ́tẹ̀ yìí, wákàtí bíi mẹ́rin péré ni, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú. Omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, afárá Apẹ́tẹ́ gé, àwọn ẹranko kú nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là kí a fi tún ojú omi àti afárá ìlú yìí ṣe. Ẹ ti rí afárá tuntun, ẹ ti rí kọnkéré létí odò. Iṣẹ́ gidi ni, n kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò ńlá ni owó ńlá ń tún ṣe. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí gọ́tà yìí kò ní ògo kankan nínú. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní jọ́gíráfì rí ló wá bá mi nílé. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ń kó ìdọ̀tí kúrò lójú omi, kí n jọ̀ọ́ wá fi ọ̀rọ̀ ìṣírí bá àwọn sọ̀rọ̀. Ìṣírí ni mo bá lọ. Mo wọ bùbá àti ìró ànkárá tó dáa, mo mú ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí dání. Àwọn mọ́kànlá ni mo bá, ṣọ́bìrì mẹ́rin láàárín wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ náà wo bàtà mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa di ẹnu àpò mú." Mo di ẹnu àpò mú fún wákàtí mẹ́ta. Ìwé ìṣírí yẹn ṣì wà nínú báàgì mi títí di òní.

Oṣù kejì ọdún ni, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Omi inú gọ́tà kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀, dúdú bí epo ọkọ̀ tí wọ́n ti lò gbó. A gbẹ́ ẹrẹ̀, a fa ọ̀rá, a fa àkísà, a fa fóòmù ibùsùn kan tó ti fa omi mu, àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. A tò gbogbo rẹ̀ sí bèbè gọ́tà ní òkìtì-òkìtì. Ó wu ojú rí. Ìyá Ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata lẹ́bàá afárá ti ń wò wá láti àárọ̀. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti kó o jáde. Ṣé ibẹ̀ yẹn ló máa wà?"

A ní ìjọba á wá kó o.

"Ìjọba wo?"

Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òkìtì wa wọ́ padà sínú gọ́tà, ó sì wọ́ àpò méjì tí a ti so lẹ́nu mọ́ra. Nígbà tí a padà débẹ̀ ní Sátidé, Ìyá Ẹlẹ́rọ kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn gbé omi tútù sílẹ̀ fún wa. Èyí tilẹ̀ dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹgbẹ́ wa díẹ̀ ṣá. Àwa kọ́ la dá àṣìṣe yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ogun sí ìwà àìbìkítà lọ́dún 1984, ẹ rántí pé ìmọ́tótó àyíká di apá kan nínú ogun náà ní 1985. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, aago méje sí mẹ́wàá, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn. Kí ni a ń ṣe ní wákàtí mẹ́ta náà? A ń wa ẹrẹ̀ gọ́tà sí bèbè. Aago mẹ́wàá lù, a wọlé, a wẹ̀, a lọ sóde ìnáwó. Òjò dé, ó kó ẹrù rẹ̀ padà. Ìgbà tí Èkó fagi lé ìsénimọ́lé Sátidé náà ní 2016, àwọn kan sọkún lórí rẹ̀ bí ẹni pé ìlú ti bàjẹ́. Èmi kò sọkún. Ẹni bá ń bá òjò ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ó yẹ kó sinmi.

Ṣáájú ìyẹn, wolé-wolé la bẹ̀rù. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n ṣì ń wọlé wá yọjú sínú ìkòkò àmù. Bí wọ́n bá bá tanwíjí nínú omi, ilé ẹjọ́ di dandan. Bàbá mi, tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, á máa dé ìkòkò fúnra rẹ̀ ní ìdájí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ń fẹ́ kí wolé-wolé padà bí ti àtijọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n wolé-wolé kò ní láti dáhùn ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́rọ. Gbogbo ìdọ̀tí ilé ìgbà náà ní ibi tó ń lọ: ààtàn ni. Ewé eéran tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, èèpo iṣu, eérú, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí ààtàn, ààtàn ń jẹ ẹ́, adìẹ ń tan án. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnìkan á lọ wa ilẹ̀ dúdú rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má tan ara yín pé àwọn baba wa fẹ́ràn ìmọ́tótó jù wá lọ. Ohun tí wọ́n ń dà nù ló fẹ́ràn wọn. Ọwọ́ tí bàbá mi àgbà fi ń ju ewé ẹ̀kọ lẹ́yìn ilé, òun náà la fi ń ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ewé ẹ̀kọ jẹrà. Ọ̀rá ń retí òjò.

Ní oṣù kẹta, a yí ọ̀nà padà. A kò kàn kó ìdọ̀tí mọ́, a ń yà á sọ́tọ̀ kí a tó dì í. Iṣẹ́ burúkú ni, ẹ jọ̀ọ́, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣe tíṣà kò kọ́ mi. A rò pé ìgò ike la máa bá jù, torí òun la ń rí káàkiri nínú àwòrán. A kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Bẹ́ẹ̀ ni a kò bá agolo, a kò bá irin, a kò bá bàbà rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣa nǹkan tà ti kọjá níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgò ike ní oníbàárà, wọ́n ń rà á ní kílò. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà pàápàá ní oníbàárà bó bá mọ́, èyí tó ti wọ ẹrẹ̀ ni wọn kì í fẹ́. Ohun tó kù fún wa ni ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ rà á: ọ̀rá dúdú tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ, àkísà, àti pámpásì.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ohun tó bá lówó lórí kì í sùn mọ́jú nínú gọ́tà. Àwọn ọmọ tí a ń pè ní ìsáǹsá, tí a ń lé kúrò lẹ́yìn ilé wa bí olè, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ju ti ẹgbẹ́ wa lọ fíìfíì, kò sì sí ẹni tó fún wọn ní ẹ̀wù alámì ẹgbẹ́. Èyí ni mo fi gbà pé Èkó ronú nígbà tí wọ́n fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ohun tí kò sẹ́ni tó máa rà á padà ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí lọ́jà, ẹ bi ẹni tó ń ta ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ pámpásì ni mo fẹ́ dúró lé. Ó pọ̀ jù. Kò sí Sátidé kan tí a kò kó o, ó sì wúwo torí ó ń fa omi. Inú bí wa. Àwa obìnrin mẹ́ta ló ní ká lọ bá àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ sọ̀rọ̀ ní ilé-ilé. Mo ti múra ìwàásù mi sílẹ̀. Ìyá ọmọ kan, tí kò ju ọdún méjìlélógún lọ, gbé àga fún mi, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Bí mo bá kó o mọ́ ilẹ̀ ilé, bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ máa ń dáná sun ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá ọkọ mi sì ti kìlọ̀ fún mi, wọn kì í dáná sun ìgbẹ́ ọmọ. Ara ọmọ á máa gbóná." Mo wo ojú rẹ̀. Ìyá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí, mo sì gbà á. Kò sí aláìbìkítà nínú yàrá yẹn. Ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ni, ibi tí iná kò lè dé ló sì wá, omi ló rí.

A kò bá a jiyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òun á fi pátákó ìpolongo borí ìyá ọkọ, kí ó lọ gbìyànjú. A ra báketì olómorí mẹ́fà, a pín in sí ilé mẹ́fà, a ní pámpásì nìkan ni kó wà nínú rẹ̀, a sì búra pé iná kò ní í kàn án, àwa fúnra wa la máa wá gbé e. Ilé mẹ́rin ṣe é. Ọ̀kan sọ báketì náà di ti ẹ̀wù fífọ̀, báketì dáadáa ni, n kò dá a lẹ́bi. Ọ̀kan kò rí ti rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kejì.

Ibo wá la máa gbé e lọ? Ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́rọ tún ni. A mú un dé ọ́fíìsì. Èyí àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni tàwọn, ti inú omi kò kàn wọ́n. A dé èkejì, wọ́n ní ti inú omi ni tàwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó bá ti kúrò nínú omi ti di ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí akọ̀wé náà fi bínú. Ẹ̀kẹta ní kí a kọ̀wé. A kọ̀wé. Wọ́n ní kí a padà wá. A padà lọ nígbà méje. Ọmọbìnrin tó pè mí wá yìí ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, ó ń kọ ọjọ́, wákàtí, ẹni tó dá wa lóhùn àti ohun tó wí. Kò pariwo, kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń ṣí ìwé náà, tó ń ka ohun tí wọ́n wí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún wọn. Nígbà keje, ọkùnrin àgbà kan tó jókòó sí igun ọ́fíìsì, tí a kò bá sọ̀rọ̀ rí, ló dìde tẹ̀lé wa dé ìta. Ó ní, "Ẹ gbọ́, kò sí ọkọ̀ tí wọ́n máa fún yín. Ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ ń gba títì yín kọjá ní ìdájí Ọjọ́rú. Bí ẹrù yín bá wà létí títì kí aago márùn-ún tó lù, wọ́n á kó o. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á kọjá."

Oṣù mẹ́rin la fi ń bẹ̀bẹ̀ ọkọ̀, àsìkò ọkọ̀ ló yẹ ká bèèrè.

Ọkọ̀ náà kò lè wọ àdúgbò wa. Ẹ mọ bí ilé ṣe fún pọ̀ nídìí àwọn òkè àtijọ́ yìí: láti títì dé ilé kan, ẹ máa kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mẹ́ta, ẹ máa kí àwọn ènìyàn lórí oúnjẹ. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan san owó ilẹ̀ kíkó, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì lè dé ibẹ̀, owó ojú títì ló ń gbà. A mú un lọ sí ìpàdé lańdìlọ́ọ̀dù. Wọ́n fi wákàtí méjì jiyàn lórí owó gáàdì kí wọ́n tó dé orí tiwa. Ní ìparí, ilé tó bá fẹ́ á dá owó díẹ̀ lọ́sẹ̀, a ó fi san ọmọlanke méjì tí á máa kó ilẹ̀ láti inú kọ̀rọ̀ dé títì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn tó ń ti ọmọlanke náà, ẹ ti mọ̀ wọ́n: àwọn ọmọ tó ń ṣa ìgò ni. Ohun tó bá ní oníbàárà, tiwọn ni. Ohun tí kò ní, wọ́n á bá wa gbé e dé títì. Láti ibẹ̀ ló ti ń lọ sí ọ̀kan nínú àwọn àkìtàn ìjọba, Àwótàn, Lápítẹ̀, Àjákańgà tàbí Àbà-Ẹkù, níbi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì ju gọ́tà mi lọ.

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo rẹ̀ dùn báyìí: nínú àwọn mọ́kànlá tí mo bá, mẹ́rin ló kù lópin ọdún. Ìjà owó oúnjẹ lé méjì lọ. Ọ̀kan lọ sí Kánádà. Àwọn kan ní olóṣèlú ló rán wa, torí wọn kò gbà pé ènìyàn lè wọ gọ́tà láìgba owó. Ilé iṣẹ́ kan tún wá bá wa ṣe "ọjọ́ àyíká" ní oṣù kẹfà. Wọ́n mú bánà gígùn wá, ṣọ́bìrì tuntun tí wọn kò tíì yọ lébẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀, àti ayàwòrán méjì. Wọ́n ya àwòrán fún wákàtí kan, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Àwa la ṣa abọ́ fóòmù tí wọ́n fi jẹun. Wọ́n fi ṣọ́bìrì náà sílẹ̀ fún wa ṣá, a dúpẹ́.

Mo ṣèlérí fún akọ̀wé pé n ó ṣe jọ́gíráfì díẹ̀, ẹ farabalẹ̀ fún mi. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìdọ̀tí ló fa omíyalé. Ìdọ̀tí ń dí ọ̀nà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà náà. Òjò ọdún 2011 yẹn, mìlímítà 187.5 ni wọ́n wọ̀n. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró, omi lítà kan ni. Ẹ mú ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ rà, ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú, 100 lóòró. Omi tó bọ́ lórí ilẹ̀ yẹn nìkan ní wákàtí mẹ́rin yẹn lé ní lítà 87,000. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá, lítà mẹ́wàá ni. Ìyẹn ni pé wọ́n já báàgì píọ̀ wọ́tà bíi 8,700 sí orí ilẹ̀ rẹ. Aládùúgbò rẹ náà gba 8,700. Nígbà tí ẹ̀yìnkùlé jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ àti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ á mu díẹ̀, á dá díẹ̀ dúró. Báyìí, a ti rọ kọnkéré dé ẹsẹ̀ ògiri, a to intalọ́ọ̀kì sí iwájú ilé kí mọ́tò má baà tẹ ẹrẹ̀. Páànù ń dà á sí kọnkéré, kọnkéré ń dà á sí gọ́tà, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́ kọjá lábẹ́ afárá kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibẹ̀ ni òwe wa ti wọlé. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Wọ́n kọ́ wa ní òwe yìí bí ọ̀rọ̀ akin. Lẹ́yìn ọdún kan létí omi, mo ń gbọ́ ohùn mìíràn nínú rẹ̀. Onílé tí kò gbà yìí, níbo ló kọ́lé sí? Ilé mẹ́ta wà ládùúgbò wa tí ìpìlẹ̀ wọn wà nínú ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì ilé wíwó sára ògiri wọn, onílé kùn ún, òṣìṣẹ́ tún kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ọ̀kan. Ọmọ onílẹ̀ ló ta ilẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, owó gíráṣúítì rẹ̀ ló lọ síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó wá kọ àmì pupa kò sí lọ́jọ́ tí wọ́n ń tà á. Mo mọ̀ pé ilé yẹn ń ti omi sínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Mo sì ń jẹun nínú rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní kí a kọ̀wé pé kí wọ́n wó o. N kò fọwọ́ sí i. Bóyá mo ṣe é re, bóyá n kò ṣe é re, ẹ ó dá mi lẹ́jọ́.

Ohun tí a lè fohùn ṣọ̀kan lé lórí kéré ju ìyẹn lọ. A kun ìlà mẹ́ta sára òpó afárá: funfun nísàlẹ̀, yẹ́lò láàárín, pupa lókè. Ọkùnrin tó ń fẹ́ táyà ní òkè odò ń wo ibi tirẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́rọ ń wo afárá. Bí omi bá ti ń gun, òkè á pe afárá, afárá á pe àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Kò ná wa ju ọ̀dà agolo mẹ́ta àti owó káàdì fóònù.

Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, fóònù mi dún. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni. "Tíṣà, ó ti kan yẹ́lò o." Mo wọ bàtà òjò, mo mú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé afárá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń gbé firíìjì àti àpò ìrẹsì sórí tábìlì, ẹnìkan ti gbé ìyá arúgbó kan pọ̀n. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù méjì. Kò dé pupa. Bóyá torí pé a kó ẹrẹ̀ ni, bóyá òjò náà ni kò tó, ẹ má bi mí, kò sí ẹni tó lè fi òru kan ṣoṣo dájọ́ ìyẹn.

Èmi àti Ìyá Ẹlẹ́rọ dúró, a ń tan iná sínú omi. Ojú omi àdúgbò wa mọ́ lọ́sẹ̀ náà, mo lè búra, Ọjọ́rú ni ọkọ̀ kó ẹrù tó kẹ́yìn. Síbẹ̀ wọ́n ń bọ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì mi, funfun, wọ́n wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì: pámpásì. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ kà wọ́n, mo dáwọ́ dúró.

"Láti òkè ni," ni Ìyá Ẹlẹ́rọ wí.

Mo bi í bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ táyà. Ó ní òun kò dé ibẹ̀ rí. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbé àdúgbò yìí. Èmi náà kò dé ibẹ̀ rí.